Ìlà Kan Ṣoṣo

Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Ní Ìdó-Òṣùpá, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sínú àpáta òṣùpá, ẹ̀rọ ló ń pín èémí fún ilé kọ̀ọ̀kan bí ìyálé ṣe ń bu ọbẹ̀. Nígbà tó di pé àwọn arúgbó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìjókòó, wọ́n ránṣẹ́ pe Ìdòwú.

Ìdòwú ló ń tọ́jú ọkàn ẹ̀rọ, ìyẹn ibi tí gbogbo àṣẹ ti ń jáde. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì rí i pé ẹ̀rọ náà kò ṣàìsàn rárá. Ìwé kíkọ ló ń pa á. Àwọn tó tẹ ìlú dó ti fi Atọpasẹ̀ sí i lọ́kàn, kí ó máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀, ìlà kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan: ilẹ̀kùn ṣí, ẹnì kan wọlé, afẹ́fẹ́ dé. Èèyàn pọ̀ sí i, ìlà pọ̀ sí i, agbára tí ẹ̀rọ ìbá fi ṣiṣẹ́ wá ń bá ìwé kíkọ lọ. Ẹ wo ìyà! Ẹ̀rọ ń ròyìn iṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ.

"Àtúnṣe rẹ̀ kò le," Ìdòwú sọ fún ìgbìmọ̀. "Bí ohun kan náà bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ojú kan náà, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, kí Atọpasẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àsọtúnsọ ni ìyókù."

Olóyè Àjíbógun, tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀, mi orí. "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé ohun méjì tó bá jọra, ọ̀kan ni wọ́n? Rọra ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀sọ̀ kọ́ la ó máa mí símú."

Agídí rẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èṣù lẹ́yìn ìbejì ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, Táíwò àti Kẹ́hìndé, ń wa kùsà ní ihò kẹsàn-án, òun ló sì tẹ̀lé wọn wáyé.

Ó ṣe é. Lọ́jọ́ kejì afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, àwọn arúgbó dìde rìn, ìyá rẹ̀ sì ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin káàkiri ilé.

Lọ́jọ́ karùn-ún, àwọn ìbejì lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú gba ẹnu ilẹ̀kùn ihò wọlé pa pọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré. Ẹ̀jẹ̀ ni ilẹ̀kùn Ìdó-Òṣùpá fi ń dá èèyàn mọ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì wà lára àwọn méjèèjì. Atọpasẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kọ ìlà kan.

Nígbà tó yá, Kẹ́hìndé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, rán àbúrò rẹ̀ níṣẹ́. "Táyé, lọ bá mi mú òòlù kékeré wá."

Táíwò jáde. Ẹnì kan wọlé, ẹnì kan jáde. Lójú ẹ̀rọ, ihò ti ṣófo. A kì í sì í fi afẹ́fẹ́ ṣòfò ní ìlú náà. Ilẹ̀kùn pa dé, ẹ̀rọ fa èémí inú ihò jáde láti pín in fún ilé.

Ilẹ̀kùn kì í ṣí síbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Táíwò fi òòlù lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Kí Ìdòwú tó sáré dé, kí ó tó dá afẹ́fẹ́ padà sínú ihò, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ó wá gbogbo ìwé Atọpasẹ̀ ọjọ́ náà, bóyá yóò rí ìlà kan péré tó jẹ́ ti Kẹ́hìndé. Kò sí. Èémí tí ẹ̀rọ fà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìlú mí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ìdòwú náà sì mí nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún pé òun tí òun tẹ̀lé ìbejì wáyé lòun ka méjì sí ọ̀kan. Olóyè Àjíbógun kò bá a wí. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

A kì í sọ pé ìbejì kú. Ìyá wọn fi ọwọ́ méjèèjì di ojú Táíwò mú.

"Kẹ́hìndé lọ sí Èkó."

Èkó wà láyé lọ́hùn-ún, ó sì ti tó ogójì ọdún tí ọkọ̀ òfuurufú kankan ti lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ọjọ́ wo ló máa dé, Ìyá?" Táíwò béèrè.

Ìdòwú dá Atọpasẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tún ń pẹ́, àwọn arúgbó tún ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì mọ ohun tó kù tí òun lè ṣe. Ní àràárọ̀, Táíwò á lọ sí ihò kẹsàn-án, á na ọwọ́ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú, á sì wọlé. Atọpasẹ̀ á kọ ìlà kan. Òótọ́ ló ń kọ báyìí.