Tírà Ọrùn Àrìnpé

Kí Àzízì tó dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ Jàríátù ìyá rẹ̀ ti wọ inú páálí tí ó fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Òjò ń jò wọ yàrá, obìnrin náà sì ń gbé ẹrù kúrò níbi tí omi ń kán sí. Ìwé tó kọ́kọ́ fà yọ, àwòrán òkú ló wà níwájú rẹ̀, òkú náà jókòó sínú pósí, ó ń rẹ́rìn-ín. Jàríátù jù ú sílẹ̀.

"Aúsù bílláhì. Àzízì, kí lèyí nínú ilé mi?"

"Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni, Ìyá."

Kì í ṣe ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé àwòrán àtijọ́ ni, èyí tí àwọn ọmọ lísè, ilé-ẹ̀kọ́ girama, ń pè ní bédé, tó kún fún ìtàn iwin àti òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tí Àzízì ti kúrò ní Kambolé lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Komah, ní Sokodé, nítorí ilé-ẹ̀kọ́, ló ti ń ṣà wọ́n láàárín bébà àlòkù tí wọ́n ń tà fún àwọn alákàrà lọ́jà. Èyí tó wà lédè Faransé kò jọ ọ́ lójú, torí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní in. Ti Jámánì, ti Ítálì, ti Potogí, àwọn tí kò lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú wọn, ni wọ́n ń dùn mọ́ ọn. Àwòrán ni yóò sọ ìtàn fún un, yóò sì fi ọkàn ara rẹ̀ dí ìyókù. Rìdwánù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní orí rẹ̀ ti yí. Àmọ́ àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ilé àbúrò bàbá rẹ̀ kò láyè, ìdí nìyí tí páálí náà fi wà lábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀.

"Màá fi wọ́n dáná lálẹ́ yìí," ni Jàríátù wí.

Bó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn, ọ̀kan ṣí sójú ewé tí kò ní àwòrán rárá. Lárúbáwá ni wọ́n fi tẹ ìwé yẹn, òun sì ni Àzízì fẹ́ràn jù, torí kò tíì rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ Jàríátù dúró. Ẹni tó bá mọ ilé Mùsùlùmí ní Kambolé mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí bébà tó ní Lárúbáwá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó fi kan iwájú orí.

"Ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìyí?"

Àzízì ti sá kúrò ní ilé kéwú tipẹ́. Kò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ní ẹ̀yìn ewé tó tẹ̀ lé e, òkú kan ń gun kànga jáde. Ó wo páálí, ó wo iná ààrò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Àdúà ìwòsàn ni. Alfa kan ní Komah ló fún mi."

Ojú obìnrin náà rọ̀. Ó ní kó fún òun ní ewé náà, Àzízì sì fi abẹ gé e fún un. Ó dùn ún dọ́kàn, ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iná, ó sì padà sí Sokodé pẹ̀lú ayọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù. Bàbá wọn wà lóko ní ìhà Bago, níbi tí fóònù kì í wọlé.

"Ara Àrìnpé gbóná," ló wí. Àrìnpé ni àbúrò Àzízì, kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. "Ọrùn rẹ̀ le, kò lè tẹ̀ ẹ́. Mo ti fi àdúà ọjọ́ yẹn rán tírà sí i lọ́rùn. Àsíátù ará ilé wa ní ká gbé e lọ sí lópítà ní Tchamba. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́. Ṣé àdúà yẹn tó?"

Òtítọ́ dé ọ̀fun Àzízì. Bó bá pọ̀ ọ́ jáde, páálí di eérú. Ó rò ó pé ibà lásán ni.

"Ó tó, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká wò ó di ọ̀la."

Wọ́n wò ó di ọ̀la, wọ́n tún wò ó di ọ̀túnla. Nígbà tí gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ náà, Àsíátù kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé e sórí alùpùpù lọ sí Tchamba, Tchamba sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Sokodé. Àrùn yírùnyírùn ni. Ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ti di. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, bóyá wọn ìbá rí etí náà gbà là.

Àzízì bá ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ náà, tírà náà wà lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Àdúà rẹ ni ò jẹ́ kó kú," ló wí fún un.

Ìyẹn ló pa Àzízì lára ju èébú lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, kì í ṣe àdúà. Ìwé ìtàn òkú ni. Mo purọ́."

Jàríátù na tírà náà sí i. "Kí ló wá wà nínú rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n kà."

"Nígbà tí mo bi ọ́ lórí fóònù ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ó sun àwọn ìwé mi."

Kò pariwo, kò ṣépè. "Ká tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, kò sí alfa tó ní ká má lọ sí lópítà. Ìwọ ni mo gbà gbọ́. Èmi ò kàwé, Àzízì. Ojú rẹ ni mo fi ń ríran."

Àzízì ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun dáná sun gbogbo páálí náà. Ìyá rẹ̀ mi orí.

"Má sun ún. Iná ò lè ṣí etí ọmọ mi. Gbé e, tìẹ ni."

Láti ọjọ́ náà, bí ìwé kan bá dé sílé, ọ̀dọ̀ Àsíátù ni Jàríátù ń gbé e lọ kí wọ́n bá a kà á, ì báà jẹ́ pé Àzízì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, yóò kí i dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé, ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ràn ìwé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ dáàbò bo ohun tó fẹ́ràn kò lè yan ẹni tí irọ́ náà yóò bà. Àzízì ló purọ́. Àrìnpé ni kò gbọ́ràn mọ́.