Èéfín Láti Jẹ́bà

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ọdún 1976, Edith rí ọkùnrin kan tó dúró gbagidi níwájú ọjà Tejúoṣó, tó na bébà kan sókè, tó sì ń fimú fa afẹ́fẹ́ bí ajá ọdẹ. Aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì mọ̀ pé ojú títì lòun wà. Ẹ̀rín pa Edith.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọbẹ̀ ló ń jóná ni?"

"Igbó ni, Àǹtí. Ó ń jó lókè ọ̀hún. Ẹ wá wò ó."

Fọ́tò tí sátẹ́láìtì yà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Èéfín igbó nà gbọọrọ lórí rẹ̀ bí òwú tí wọ́n fà. Gbádé lorúkọ ọkùnrin náà, ọ́fíìsì àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́: òun ló ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí èéfín dé, kí àwọn tó ń wa bàálù lè mọ̀. Edith, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Yábàá, kò rí irú rẹ̀ rí. Kó tó bi í léèrè tán, wọ́n ti jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta.

Ìfẹ́ wọn kò falẹ̀ rárá. Bàbá Edith nìkan ló kù kó gbà. Gáàdì rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni, ikọ́ fée sì ń bá a jà; èéfín ni ọ̀tá rẹ̀.

Ní Sátidé kan, Gbádé wo fọ́tò kan, ó sì sọ fún un pé eruku ọyẹ́ lásán ló ń bọ̀, kó jókòó síta. Bàbá gbé àga jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èéfín dé, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ.

"Ẹni tó fẹ́ fi fọ́tò pa mí kò ní fẹ́ ọmọ mi," ni Bàbá wí nígbà tó padà délé.

Edith sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó bínú sí Gbádé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fojú inú rí ayé rẹ̀ láìsí i. Ó wá a lọ. "Má rán àgbà kankan," ló sọ. "Ìwọ gan-an ni kó o wá."

Gbádé wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó tẹ́ fọ́tò tuntun tí wọ́n yà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn sílẹ̀. "Bàbá, láti òkè, àwọ̀ kan náà ni eruku àti èéfín ní. Kò dá mi lójú ní Sátidé yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ fẹ́ràn mi ni mo fi ṣe bí ẹni tó mọ̀."

Bàbá wo fọ́tò náà pẹ́. Ó fìka tọ́ ibì kan. "Ibí yìí ńkọ́?"

"Jẹ́bà ni, sà."

"Ọkọ̀ ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá wọlé láàárọ̀ yìí. Ṣé o bi gáàdì rẹ̀ ohun tó rí?"

"Rárá, sà."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rí igbó tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yẹn." Ó dé fìlà rẹ̀. "Dìde, ká lọ."

Ní ibùdókọ̀ ojú irin, Ṣàfíù tó jẹ́ gáàdì ọkọ̀ náà ní igbó ń jó láti Jẹ́bà títí dé Ọ̀ffà. Eruku nìkan ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Gbádé fa ìlà rẹ̀ dé Ọ̀ffà gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà, Bàbá a máa lọ béèrè láràárọ̀, Gbádé a sì gbé fọ́tò wá. Kò sí èéfín tó tún ká Bàbá mọ́ ìta.

Ní oṣù Kẹta, òjò àkọ́rọ̀ pa iná igbó. Gbádé ṣì wá.

"Èéfín ti tán," ni Bàbá wí. "Kí lo wá ṣe?"

Gbádé wo Edith, kò sọ̀rọ̀.

"Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o. Sọ fún àwọn òbí ẹ kí wọ́n wá kí mi ní Sátidé. Tí o bá wá fẹ́ ọmọ mi tán, ohun tí kò bá dá ẹ lójú, máa sọ fún un pé kò dá ẹ lójú."

Gbádé yíjú sí Edith. "Nǹkan pọ̀ tí kò dá mi lójú," ló wí. "Ìwọ kò sí lára wọn."