Ọ̀pá Irin tí Kò Kan Dẹ́kì

Kì í ṣe àgbọ́sọ. Èmi Sàkáríyà, kafíńtà, ni òòlù wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà ní Garki, lọ́dún 1983.

Ilé alájà mẹ́sàn-án là ń kọ́. Nísàlẹ̀, wọ́n fẹ́ àyè gbayawu fún ṣọ́ọ̀bù. Lókè, yàrá ló pọ̀. Ògiri òkè kò bá òpó kankan pàdé nísàlẹ̀. Dẹ́kì kan, àjà kọnkéré tó nípọn dé àyà ènìyàn, ló gba ẹrù wọn, tó ń gbé e fún àwọn òpó ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pá irin la fi tì í láti ìsàlẹ̀ títí ó fi gbẹ.

Ọjọ́ tí a ń yọ ọ̀pá, àárín la ti bẹ̀rẹ̀. A ó fi òòlù gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń ru ẹrù á han bí agogo. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ á kàn dún gbì.

Ó ku ẹyọ kan. Orí rẹ̀ kò kan dẹ́kì. Ìka mi méjì wọ àárín wọn. Mo gbá a. Ó han. Ẹrù kan wà lórí rẹ̀ tí n kò rí.

Mo bẹ Jàbárù, fọ́mánù wa, pé kí a fi í sílẹ̀. Ọkùnrin yìí máa ń kánjú bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó gbá ọ̀pá náà ṣubú.

Dẹ́kì kò mì. Láníyì àbúrò mi, bíríkìlà, ló ké. Ìta ló wà, nínú oòrùn ọ̀sán, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ wọnú èjìká. Orúnkún rẹ̀ ya. Mo gbọ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dá níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tú létí rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ gbé e kúrò lórí mi."

Kí ni kí n gbé? Mo sáré padà sábẹ́ dẹ́kì, mo gbé ọ̀pá náà dìde sójú ibi tó wà. Irin náà gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ó sì le gírígírí. Igbe Láníyì dáwọ́ dúró. Ó ń mí.

Lọ́jọ́ kejì Jàbárù ní ọ̀pá gbọ́dọ̀ kúrò, wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, n ó pa á.

"Ṣé orí rẹ pé, Sàkáríyà?"

Ó nawọ́ sí i. Mo fi òòlù fọ́ ọwọ́ náà. Mo tún gbá a lẹ́nu. Inú mi dùn sí i, n kò ní purọ́. Ọlọ́pàá ló já mi kúrò lára rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni mo lò lẹ́wọ̀n. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti mọ ògiri yí ibi tí ọ̀pá wà ká, wọn ò sì jẹ́ kí n wọlé. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi bóyá ọ̀pá náà ṣì dúró. Láràárọ̀ ni mo ń lọ sí Karu, sí yàrá tí Láníyì dùbúlẹ̀ sí. N kì í tètè ṣílẹ̀kùn. Mo máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí sí èémí rẹ̀.