Èéfín Iná Tí Kò Jó

Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀ kí o gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tó fi ẹnu ara rẹ̀ dá iná, tí èéfín rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ọlájíre ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọrọ̀-ajé Dubai wó lulẹ̀, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tí àwọn ilé gíga tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ dúró láìparí, ńṣe ni àwọn èèyàn ń sunkún lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ọlájíre ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, nítorí ẹrù tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ni ọjà rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹni tí físà rẹ̀ bá fẹ́ tán á pè é, á kó kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́. Á ya fọ́tò bẹ́ẹ̀dì, àga àti tábìlì, á gbé e sórí ayélujára pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù: "Ẹni tó ni ín ń lọ sílé. Ẹ wá fi ọkọ̀ yín gbé e." Kì í gbé ẹrù dé ilé ẹnikẹ́ni. Oníbàárà ni yóò wá ọkọ̀, tí yóò wá sí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ní Sharjah, tí yóò sì kó ohun tó rà lọ.

Ó wá ní ọgbọ́n kan, bí a bá lè pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Síìmù bí ogún ni ó ní, ìkéde kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí oníbàárà bá ti di okùn mọ́ ẹrù tán, tí ọkọ̀ ṣí, Ọlájíre á yọ síìmù ọjà náà, á jù ú sínú agolo mílíìkì kan. Bí bẹ́ẹ̀dì bá ṣẹ́ lọ́la, ta ni wọn yóò pè? "Khalas!" ni yóò wí, ìyẹn ni pé ó ti parí nìyẹn. Ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ń ṣe ìsìn níbẹ̀. Ó ń kọrin, ó ń pàtẹ́wọ́. Hùn! Èèyàn ṣòro.

Òṣìṣẹ́ báǹkì kan wà ní Al Barsha ní Dubai, Adétutù ni orúkọ rẹ̀. Ìlú náà ni ó ti bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì kú. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí, ó fi gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlájíre, ó sáré wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìgbà tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, tó tú báàgì rẹ̀, ni ó rí kọ́kọ́rọ́ kékeré kan. Kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni. Ìbànújẹ́ àti ìkánjú ti jẹ́ kó gbàgbé.

Kíá, ó pe Ọlájíre lórí nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an, èyí tí kì í yọ. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má tíì ta kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Fọ́tò ọmọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ni mo ní. Mò ń rán ẹnì kan bọ̀ wá mú un."

Ọ̀rẹ́ mi, níbi tí Ọlájíre dúró sí, ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń di okùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ: "Ẹ dúró ná!" Ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù kí oníbàárà má lọ yí ọkàn padà. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ó wà níbí." Ọkọ̀ ṣí. Ó yọ síìmù ọjà náà, ó jù ú sínú agolo.

Nígbà tí Adétutù tún pè, Ọlájíre ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, iná jó ilé ìkẹ́rùsí wa. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù." Obìnrin náà kò bú u.  Ó kàn ń pe ọmọ rẹ̀ títí káàdì fi tán lórí fóònù rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Ọlájíre ṣílẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí, òórùn èéfín sì kọ lù ú. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn wọ́dúróòbù, ó fọwọ́ kan wáyà iná. Kò rí nǹkan kan. Ó pe Àṣírù, awakọ̀ tó máa ń dúró nítòsí. Àṣírù fa imú títí. "Bọ̀ọ̀dá, èmi ò gbóòórùn nǹkan kan o. Ṣé kò rẹ̀ yín?"

Láti ọjọ́ náà ni èéfín kò ti fi í sílẹ̀. Ó fọ aṣọ, èéfín ni. Ó se ìrẹsì, èéfín ni. Ó wọ metro, ọkọ̀ ojú irin Dubai, ó rò pé gbogbo èrò ń gbóòórùn rẹ̀ lára òun.

Àwọn ẹrù tó wà nínú ilé náà wá ń bà á lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀dì kan wà tí ibi tí tọkọtaya ń sùn sí ṣì jìn nínú rẹ̀. Wọ́dúróòbù kan wà tí bàbá kan ti fi bírò sàmì gíga àwọn ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣe é bíi pé àwọn tó ni wọ́n jókòó sínú òkùnkùn yẹn, tí wọ́n ń wò ó, tí wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, kò lè wọlé mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni ó ti ń tajà.

Ó lọ rí dókítà. Dókítà ní imú rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó ra òróró àdúrà, ó wọ́n ọn yí ilé ká. Òróró ń rùn, èéfín náà ń rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, oníbàárà kan ń dúró de tábìlì. Ọlájíre di imú, ó wọlé lọ gbé e. Èéfín fún un lọ́rùn, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń pariwo: "Iná! Iná! Ẹ yọ ọmọ náà!" Kò sí iná, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ kankan níbẹ̀.

Kòfowórọlá ni wọ́n pè kó wá gbé e lọ sílé. Ẹ̀ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì ni, òun àti Ọlájíre pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Sharjah. Ọkùnrin tó fẹ́ràn Olúwa ni, kì í sì sọ̀rọ̀ jù. Ó bu omi fún un, ó wá bi í pé, "Jíre, wọ́n ní ò ń pariwo ọmọ. Ọmọ ta ni?"

Ọlájíre tú gbogbo rẹ̀ sọ. "Ẹ bá mi gbààwẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi lé ẹ̀mí èéfín yìí lọ."

"Ẹ̀mí wo? Irọ́ rẹ ni. Èmi ò lè bá ẹ lé e. Ìwọ lo ni ín, ìwọ lo máa jẹ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ mọ̀ pé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀, mo máa ń rí ẹ. O ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, o ò tíì wá sọ́dọ̀ Jésù. Àbí o rò pé nítorí àwọn èèyàn rere ló ṣe kú? Irú èmi àti ìwọ yìí ló kú fún, nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọlájíre lákínyẹmí ara. Ó dojú bolẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, ó sunkún bí ọmọdé. "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo rí i, mo sì jẹ́ kó lọ. Ṣàánú mi." Kò tilẹ̀ rántí bẹ̀bẹ̀ pé kí èéfín lọ. Ìdáríjì nìkan ni ó ń tọrọ, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ó gbàdúrà látọkànwá.

Ó dìde, ó pe Adétutù.  "Ẹ̀gbọ́n, iná kankan ò jó. Irọ́ ni mo pa. Kọ́bọ́ọ̀dù yín wà lójú mi nígbà tí ẹ pè, mo jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Mi ò mọ ibi tó wà báyìí."

Adétutù ní, "Èpè ló yẹ kí n ṣẹ́ fún ẹ. Wá a." Ó pa fóònù.

Ọlájíre da agolo mílíìkì sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń ki síìmù bọ fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí ìkẹrìndínlógún ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wọlé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Sìkírátù ni orúkọ mi, èmi ni mo ra kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tì, ìgbà tí a já a ni a rí fọ́tò ọmọ kan níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá rẹ̀ á ti máa wá a."

Ó pè é, ó sì sáré lọ bá a ní Rolla, ní Sharjah níbẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin nìyí? Oṣù mẹ́ta! Ẹ ò tiẹ̀ lójú àánú!" Ó wọlé, ó mú fọ́tò náà jáde láti inú ìborùn tí ó fi wé e. Ojú ti Ọlájíre gan-an ni. Ẹni tó ń sá fún ló ti ń bá a tọ́jú ohun tó sọnù.

Ibẹ̀ náà ló ti pe Ìjẹ̀bú-Òde. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i."

Adétutù bi í pé, "Ṣé ojú rẹ̀ ṣì hàn?"

"Ó hàn, ẹ̀gbọ́n. Ó lajú. Ó dé fìlà funfun."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Mo ti ń gbàgbé ojú rẹ̀! Mo ti ń gbàgbé ojú ọmọ mi!"

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, Ọlájíre rí fọ́tò náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ. Ó ṣeé ṣe kó má rí i. Bí obìnrin yẹn bá ti sọ ọ́ nù ńkọ́? Bí ó bá ti kó kúrò nílùú ńkọ́? Ìdáríjì Olúwa tó Ọlájíre, èéfín náà sì lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n títí dòní, ara rẹ̀ ṣì máa ń bù máṣọ bó bá rántí pé ó kù díẹ̀ kó pẹ́ jù.

Ìwọ ńkọ́? Ta ni o ṣe níbi, tí o wá fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀? Orúkọ rẹ̀ ti wá sí ọ lọ́kàn báyìí. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la, ọ̀la kì í ṣe tìrẹ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ Jésù kò lè wẹ̀ nù, ṣùgbọ́n kò ní bá ọ jẹ́wọ́ èyí tí o fi pamọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn. Ké pe orúkọ Jésù. Bí o bá dìde, lọ pe ẹni tí o ṣẹ̀.