Ẹ̀san Tí Mo Gbà fún Àníkẹ́

Mo ti òòfà Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́, irin tó ń fa irin mọ́ra, bọ inú ófùnù tí wọ́n fi ń yan ìgò ní láàbù, mo yí iná rẹ̀ dé òpin, mo sì gbàdúrà. Mo ní, "Ọlọ́run ẹ̀san, dìde. Àníkẹ́ ìyá mi, adúmáadán, a-fẹ́yín-funfun-pàdé-àlejò, ti wà nínú ilẹ̀. Má jẹ́ kí ọkùnrin yìí jèrè iṣẹ́ rẹ̀."

Ọlidé ọdún 1998 ni, mo fẹ́ wọ SS3. Àǹtí Tinúadé, àbúrò ìyá mi, ló ń fọ ìgò ní láàbù náà ní yunifásítì. Mo máa ń tẹ̀ lé e láti ilé wa ní Ẹnuwá lọ bá a fọ̀ ọ́.

Ẹ̀sùn mi kò gùn. Nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú ń pa ìyá mi lọ, ó kúnlẹ̀ fún Dókítà. Ó ti gbọ́ lẹ́nu Àǹtí pé Dókítà ń lẹ jíìnì, ìyẹn àṣẹ kékeré tó ń sọ ohun tí ara yóò ṣe, mọ́ ìyẹ̀fun irin tí ojú lásán ò lè rí. Òòfà á wá fa irin náà wọnú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kí jíìnì lè pa á láti inú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, Mà," ni Dókítà wí. "Inú abọ́ tí mo gbin sẹ́ẹ̀lì sí ni mo ṣì ti ń dán an wò. Mi ò tíì fún eku, ká má tíì sọ ti èèyàn."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà la sin ín.

Nígbà tí òòfà náà tutù, kò lè gbé abẹ́rẹ́ mọ́. Mo dá a padà síbi tó wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Dókítà fi ń wo abọ́ tí kò yé e. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń gbilẹ̀ sí i, ojú rẹ̀ ń jìn sí i, èmi ń fọ ìgò, mo ń kọrin jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó fi abẹ́rẹ́ kan òòfà náà. Abẹ́rẹ́ já bọ́.

"Iná ló pa òòfà yìí. Tinúadé, ìwọ nìkan ló ń tan ófùnù," ni ó wí. "Máa lọ sílé ná."

"Sà, mo fi Ọlọ́run búra, n kò—"

"Èmi ni, sà," ni mo wí. "Ẹ kàn ń wo ìyá mi níran títí tó fi kú."

Dókítà jókòó. "Ìfẹ́olúwa, ta ni ìyá rẹ ń bá jà?"

"Jẹjẹrẹ, sà."

"Ta lo wá gbè lẹ́yìn?" Ó tọ́ka sí abọ́ náà. "Wò ó bó ṣe ń gbilẹ̀. Ó yẹ kó kí ọ kú iṣẹ́."

Oṣù mẹ́jọ ni òòfà mìíràn fi dé láti òkè òkun. Dókítà pe Àǹtí padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí n má tún dé láàbù òun mọ́. Lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ náà, èmi àti Àǹtí la jọ padà sílé. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ nítorí iṣẹ́ yẹn. Ìwọ lo wá fi orúkọ rẹ̀ bà á jẹ́."

Inú ṣì ń bí mi. N kò ní purọ́ pé ó ti rọ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ni mo ń bínú sí báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka báyọ́lọ́jì bí ẹni ń pọ́n àdá. Ẹ̀yin ojúgbà mi, kí ẹ tó gbẹ̀san, ẹ wo ojú ẹni tó ṣẹ̀ yín dáadáa. Èmi ò wò ó. Ọ̀tá ìyá mi ni mo sìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.