Ojúlé Tí Mùtíù Kò Gbé Rí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ọdún 2020, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oòrùn ọ̀sán ti ń rọlẹ̀, nínú àgbàlá ilé Alàgbà Ọmọ́wálé ní Òpópónà Ọláfimíhàn, Bàrígà. A dárúkọ ọjọ́ náà gan-an nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti ń sọ ọ́ báyìí bí ẹni pé òjò ló gbé àrùn wá bá wọn. Òjò kọ́. Ìpàdé ni.

Alàgbà Ọmọ́wálé ni alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà. Àrùn Kòrónà ti gbòde kan nígbà náà. Ìbòmú ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ohun tó ká alága lára kì í ṣe àrùn. Yàrá méjì ló ṣófo nínú ilé rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹni tó ń wá ilé gbọ́ pé ọkọ̀ aláìsàn wọ òpópónà náà.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni ó wí. "Wọ́n ti pa àgọ́ àyẹ̀wò sí ẹ̀gbẹ́ pápá. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ, kó má dárúkọ àdúgbò wa. Tí wọ́n bá bi yín níbi tí ẹ ń gbé, ẹ wí ibòmíràn."

"Bàbá, ibo ni ká wí?" ni obìnrin kan bèèrè.

"Ṣé Akọka jìnnà ni? Àwọn ọ̀mọ̀wé ló kún ibẹ̀. Kí wọ́n fi ìwé lé àrùn lọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó dìde láti sọ pé irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kírun wà níbẹ̀.

Alága wá yíjú sí Mùtíù, ayálégbé rẹ̀, tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. "Mùtíù, bá wa tẹ pósítà kan. Kó tóbi o. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Kò sí Kòrónà ní òpópónà yìí."

"Àwọ̀ wo ni kí n lò, Bàbá?"

"Àwọ̀ ewé. Kí ojú tó bá rí i ti mọ̀ pé ara wa le."

Mùtíù tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì òpópónà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan. Àrùn kò mọ̀wé kà. Ó gba abẹ́ pósítà kọjá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ara Mùtíù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ikọ́ gbígbẹ bá a. Ohun tó dẹ́rù bà á jù ni pé ó dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ lówùúrọ̀, kò sì gbọ́ òórùn yíǹkì. Ẹni tí òórùn yíǹkì ti wà nímú rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́! Ó ṣí agolo náà, ó ki imú bọ̀ ọ́. Bí ẹni ń gbọ́ òórùn omi ni.

Ó lọ sí àgọ́ àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí a yìn ín fún èyí, nítorí ibẹ̀ náà ni ìyìn parí sí. Nọ́ọ̀sì Oyèbísí, tó ń ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀, ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú bọ̀ ọ́ nímú, ó sì bi í ní orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ibi tó ń gbé.

"Akọka," ni Mùtíù dáhùn. Ó dárúkọ òpópónà kan níbẹ̀, ó sì dárúkọ ojúlé kan tí ó ti gbé kàlẹ́ńdà lọ fún nígbà kan rí. Nọ́ńbà fóònù tí ó sọ, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tó ni ín.

"Ṣé ó dá yín lójú?" ni nọ́ọ̀sì bi í. "Nọ́ńbà yìí la ó fi sọ èsì fún yín o. Bí a kò bá rí yín pè, ilé la ó wá."

"Ó dá mi lójú, Nọ́ọ̀sì."

Ó sọ ọ́ geere, bí ẹni ń dárúkọ bàbá rẹ̀.

Mùtíù padà sílé. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò sí ẹni tó pè é. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pè é? Saheedat, ìyàwó rẹ̀, bi í pé kí ni èsì àyẹ̀wò wí.

"Wọn kò pè mí. Ẹni tó bá ní i ni wọ́n ń pè. Ibà lásán ni."

"Ṣé ẹ kò ní padà lọ bi wọ́n ni, Bàbá Yaqub?"

"Kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá wàhálà? Saheedat, jẹ́ kí n sinmi, jàre."

Ẹ wo ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé! Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ ìròyìn, ó wá sọ ìdákẹ́jẹ́ di ẹ̀rí pé ara òun le. Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì padà sídìí àwo oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwo yìí ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ìyá rẹ̀, Àlhájà Sàwúdátù, ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ń bá wọn gbé. Ikọ́ fée ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Láti ìgbà tí bàbá Mùtíù ti kú ni ìyá àti ọmọ ti ń jẹun alẹ́ nínú àwo kan ṣoṣo, tí ìyá ń pín ẹja fún un bí ẹni pé ọmọdé ni. Ìfẹ́ ni. Bí Mùtíù bá mọ èsì àyẹ̀wò rẹ̀ ni, ì bá ti gbé àwo tirẹ̀ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ara rẹ̀ yóò fi dá. Kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun sọ ọ́ fún.

Àlhájà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ikọ́. Ara rẹ̀ gbóná. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, kò sì lè dá jókòó. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ó ti ń wá èémí.

Mùtíù sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Àgọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Koríko tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló kù. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún táyà ṣe nítòsí ló dá a lóhùn.

"Wọ́n ti kó lọ sí Akọka, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àrùn pọ̀ sí. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan ní Bàrígà."

 Mùtíù gun ọ̀kadà lọ sí Akọka.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tò síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Oyèbísí rí i, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀, tí yíǹkì búlúù kò fi ìgbà kan kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó dìde dúró.

"Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin atẹ̀wé! Ṣé ẹ mọ iye ìgbà tí mo ti wá yín?"

"Nọ́ọ̀sì, ìyá mi ni o. Wọn kò lè mí dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kòrónà wà lára yín! Èsì yín ti jáde tipẹ́. A pè, ẹnì kan ní Ìbàdàn ló gbé e, ó sì bú mi. A gbé ọkọ̀ lọ sí ojúlé tí ẹ sọ. Bàbá Raphael, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, la bá níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí àwọn aládùúgbò ti rí ọkọ̀ wa lẹ́nu ọ̀nà wọn, kò sẹ́ni tó ra omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ ìyàwó wọn mọ́. Kí ni wọ́n fi ṣe yín?"

Mùtíù fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin nìkan kọ́," ni nọ́ọ̀sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àwòrán ilẹ̀ kan wà lára ògiri ọ́fíìsì wa. Ibi tí ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀ bá ń gbé la ń fi àmì sí. Akọka pupa fòò. Bàrígà funfun báláú. Mo sọ fún àwọn ọ̀gá mi pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àmì kì í purọ́. Òótọ́ ni, àmì kì í purọ́. Ẹ̀yin lẹ purọ́ fún un! Ibi tí àmì bá pọ̀ sí ni wọ́n ń kó àgọ́ lọ, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ ìmísínú máa ń wà. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kó o fún Akọka."

"Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Màá wá ọkọ̀. Ibo ni ìyá yín wà? Ẹ sọ ilé."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo bí irọ́ ti ń di bárakú. Ọkùnrin yìí sọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ilé, ahọ́n rẹ̀ tún fà sẹ́yìn. "Bí ọkọ̀ bá ti dé ìtòsí Bàrígà," ni ó wí, "ẹ pè mí, màá júwe."

Nígbà tí ó padà délé, Alàgbà Ọmọ́wálé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìròyìn ti gba orí fóònù ṣáájú rẹ̀ dé.

"Mùtíù, mo gbọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kó dúró sí Onípánù lọ́hùn-ún. Ẹ gbé Àlhájà sínú kẹ̀kẹ́ márúwá lọ bá wọn níbẹ̀."

Saheedat pariwo láti inú yàrá. "Ẹni tí kò lè jókòó, Bàbá? Nínú kẹ̀kẹ́? Ṣé tí ó bá jẹ́ ìyá tiyín ni, ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyàwó, má bú mi. Ire gbogbo wa ni mò ń wá. Pósítà wà lára ilẹ̀kùn yìí. Ọkọ rẹ ló tẹ̀ ẹ́. Mùtíù, tí ọkọ̀ yẹn bá wọ òpópónà yìí, kí ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ wá ibòmíràn gbé."

Àlhájà Sàwúdátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì yíjú sí i. Ó mí, ó tún mí, kí ó tó lè sọ̀rọ̀.

"Mùtíù. Ibo ni mò ń gbé?"

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ Mùtíù.

Kí a tó sọ ohun tí ó fi dáhùn, ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ìyá náà kò kú. Ó padà sílé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní ibùdó ìtọ́jú, bí èémí rẹ̀ kò tilẹ̀ gùn bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n àdúgbò rẹ̀ ló yọ ọ́.

Ẹni tí ó bá lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tòótọ́. Bí a kò bá pè ọ́, má ṣe fi ìyẹn sọ pé ara rẹ le. Dìde, lọ bèèrè èsì rẹ, kí o sì ya ara rẹ sọ́tọ̀ títí tí ìwọ yóò fi gbọ́ ọ. Èyí kò mọ sórí Kòrónà nìkan. Bí onígbáméjì bá dé lọ́la, ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ̀yin onílé, ẹ kò ní àṣẹ láti sọ ibi tí ayálégbé yóò pè ní ilé rẹ̀. Àdúgbò tí kò sí nínú ìṣirò kò sí nínú ìtọ́jú.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi àmì sí àwòrán ilẹ̀, ẹ̀yin náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi. Kí ẹ tó kó àgọ́ kúrò níbi kan, ẹ bèèrè iye ènìyàn tí ẹ yẹ̀ wò níbẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ bá àrùn lára wọn nìkan. Ẹni tí kò wá nǹkan kò lè sọ pé nǹkan náà kò sí.

Ohun tí Mùtíù ṣe nìyí. Ó gbé fóònù sétí, ojú rẹ̀ sì wà lójú alága.

"Nọ́ọ̀sì, ojúlé kejìlá ni, Òpópónà Ọláfimíhàn, Bàrígà. Ibẹ̀ ni èmi náà ń gbé. Kí ọkọ̀ máa bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà iwájú tààrà. Wọn ò ní ṣì í: pósítà aláwọ̀ ewé wà lára gbogbo ilẹ̀kùn òpópónà yìí, ṣùgbọ́n tiwa nìkan ni ẹ ó bá ní yíya, mo sì ń ya á lọ́wọ́ báyìí."