Ẹni Tó Ń Gun Máṣíìnì ní Kẹlónà

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń rí ìran. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìgèdè. Abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni mo mọ̀. Àìmọye ẹni tó ní òun rí áńgẹ́lì ni mo ti tọ́jú, ibà ló ń ṣe wọ́n. Nítorí náà, bí mo bá ní nǹkan kan ṣojú mi, ó ṣojú mi. Ká ní irọ́ ni mo fẹ́ pa, èyí tí kò ní tì mí lójú ni ǹ bá pa.

Èmi àti Akínlolú nìkan ni ìyá wa bí. Àbúrò mi ni. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni, nítòsí Fájuyì l'Adó, ó sì fẹ́ràn máṣíìnì ju oúnjẹ lọ. Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Sọ́ńdè, á gun tiẹ̀ lọ dé Ìfàkì, á yí padà, á máa bọ̀. Bí o bá bi í pé kí ló lọ ṣe, á ní òun lọ wo ọ̀nà ni.

Ìgbà tó ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sí i ní Kánádà, ó di dandan kó yan ìlú tó máa gbé. Àwọn ẹlòmíì máa ń béèrè ibi tí ará ilé wọn wà, tàbí ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí. Ti Akínlolú yàtọ̀. Ìlú wo ni yìnyín kì í pẹ́ lórí títì, tí èèyàn á fi lè gun máṣíìnì fún ìgbà pípẹ́ nínú ọdún? Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sẹ́yìn ilé Màámi, á máa wo fídíò àwọn òyìnbó lórí alùpùpù. Winipẹ́gì kò dáa, ó ní òtútù ibẹ̀ á lẹ èèyàn mọ́ ìjókòó. Tòróńtò, ọkọ̀ ti pọ̀ jù. Níkẹyìn ó mú ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kẹlónà. Ó ní òkè yí i ká bíi tiwa níbí, pé ọ̀nà ibẹ̀ ń yí gba ara òkè kọjá, àti pé omi ńlá kan wà nísàlẹ̀.

"Ṣé torí máṣíìnì lo ṣe ń lọ ùlú òyìnbó ni?" Màámi bi í.

"Torí ọ̀nà ni, Màámi."

Ilé-ìwé kan níbẹ̀ gbà á. Ẹni tó ń bá a sáré ìwé ní físà ti dájú. Màámi gbọ́ "dájú", ó di ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pe Akínlolú síwájú, Fadá gbọ́wọ́ lé e lórí, Màámi jó dé ẹsẹ̀ pẹpẹ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọjọ́ kejì ìdúpẹ́ ni wọ́n kọ̀ fún un ní físà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ Èkó lọ wọ bàálù pé, àwọn ẹgbẹ́ akọrin sìn ín dé Fájuyì, wọ́n kọrin fún un títí ọkọ̀ fi ṣí. Ó juwọ́ sí wọn lójú fèrèsé. Ọkọ̀ kọjá Ìyìn. Nígbà tó dé Ìgèdè, ó ní kí awakọ̀ já òun sílẹ̀. Ìrìn àjò Kánádà parí sí ẹnu ọ̀nà mi.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n wọlé kí èèyàn tó rí mi."

Mo ní ká padà lọ sọ fún Màámi lójú ẹsẹ̀. Ó wolẹ̀.

"Ojú wo ni n ó fi wo àwọn tó kọrin yẹn? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Abùjá lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, yàrá ẹ̀yìn sì ṣófo. Mo fi í síbẹ̀. Mo ra nọ́ńbà tuntun fún un, nítorí tàtijọ́ ni gbogbo ayé mọ̀. Mo pe Màámi, mo ní ó ti gúnlẹ̀, òtútù ń mú un, kò tíì ráyè pè. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń yọ̀ lẹ́nu mi. Èmi àti Akínlolú fẹnu kò pé kí Àjíǹde tó dé, a ó jẹ́wọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kẹta, mo lọ kí Màámi l'Adó. Oòrùn náà mú, adìyẹ pàápàá ń mí hẹlẹ. Mo ti to irọ́ tí mo fẹ́ pa lọ́jọ́ náà. Màámi kò jẹ́ kí n jókòó tán.

"Àbúrò ẹ ti pè mí."

"Àbúrò mi wo?"

"Mélòó lo ní? Ó ti ra máṣíìnì. Ó ní dúdú ni."

Mo rò pé ó ti sú Akínlolú láti máa fi ẹnu mi sọ̀rọ̀, pé inú yàrá lọ́hùn-ún ló ti pè é. Inú bí mi díẹ̀ pé kò kọ́kọ́ sọ fún mi. Fóònù Màámi sì dún.

"Òun nìyẹn. Wá wò ó."

Fídíò ni. Àbúrò mi ni. Àpá tí sàlẹ́ńsà ọ̀kadà gbígbóná dá sí i lára ọrùn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀. Ó wọ aṣọ nípọn, èéfín ń tẹnu rẹ̀ jáde bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Alùpùpù dúdú kan dúró. Kò sí ariwo kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹyẹ, kò sí ọkọ̀, kò sí atẹ́gùn. Ohùn rẹ̀ nìkan ni.

"Àǹtí mi, ẹ kú ilé," ló wí.

Mo ní mo fẹ́ tọ̀. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo pe nọ́ńbà tuntun yẹn. Kò pẹ́ tó fi gbé e.

"Níbo lo wà?"

"Inú yàrá. Níbo ni ǹ bá tún wà?"

Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò mi lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé o ń bá Màámi sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Àǹtí mi, kí ló dé?"

Nínú ilé, Màámi ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí Akínlolú ń sọ fún un.

Mo padà sí Ìgèdè. Ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé, iná kò sí. Mo sọ ohun gbogbo fún un. Mo rò pé á pariwo, tàbí kó ní oòrùn ti dà mí lórí rú. Ó fà sún mọ́ mi.

"Irú máṣíìnì wo ló rà?"

"Akínlolú," mo pè é.

"Ṣé ó sọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí?"

Mo na ọwọ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù. Mo ti fọwọ́ kan òkú rí lẹ́nu iṣẹ́ mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tutù bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fìríìsà. Mo yára fi í sílẹ̀, mo sì ṣe bí ẹni pé aṣọ mi ni mo fẹ́ tún ṣe, kó má bàa mọ̀ pé ẹ̀rù bà mí.

Bí òtútù ṣe wọ yàrá náà nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ń sùn síta nítorí ooru, Akínlolú ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé kóòtù ńlá tó rà nínú òkìrìkà l'Ọ́jà Ọba wọ̀, èyí tó ti pèsè fún ìrìn àjò. Ètè rẹ̀ là. Orí ìka rẹ̀ funfun. Mo ki tẹmómítà sí i lábíyá, n kò gba ohun tó sọ gbọ́. Mo mú òmíràn wá láti ibi iṣẹ́. Ohun kan náà ló sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì nínú yàrá náà. Ìró náà kéré gan-an, ó jìnnà, ó ń gun òkè. Mo ṣílẹ̀kùn. Akínlolú jókòó, ó dijú.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń tẹ́tí."

Ìró náà ti dáwọ́ dúró. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un.

L'Adó, ọ̀rọ̀ ti gba ṣọ́ọ̀ṣì. Olúwabùsáyọ̀, ọmọ ìjọ wa tó ti ń gbé ní Kẹlónà láti ọjọ́ pípẹ́, pe ìyá rẹ̀, ó ní òun pàdé Akínlolú níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó bá òun gbé ẹrù délé, kò jẹ́ kí òun fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn ìyá ìjọ dì mọ́ Màámi. Wọ́n ní ó bímọ. Mo tẹrí ba, wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó burú jù. Ẹni yẹn ń pe Màámi ní gbogbo Sátidé. Ó ń béèrè orúnkún rẹ̀. Ó ń bá a gba àdúrà Róṣárì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí Akínlolú kò ṣe rí nígbà tó wà nílé. Ara Màámi ń dá sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ẹni yẹn. Mo máa ń jókòó ti Màámi ní Sátidé, tí n ó máa retí pé kó pè, tí ọmọ ìyá mi ń gbọ̀n nínú yàrá mi.

Akínlolú fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níkẹyìn.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká lọ bá Màámi. Bí mi ò bá lọ báyìí, mi ò ní lè lọ mọ́."

Inú mi dùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bọ́ kóòtù sílẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. A gba ọ̀kadà. Èmi ni mo wà láàárín, òun lẹ́yìn, òtútù ara rẹ̀ ń gba aṣọ mi wọlé. A gba Fájuyì kọjá, níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an. Àwọn mẹkáníìkì tí òun pẹ̀lú wọn jọ máa ń jẹun nínú abọ́ kan gbójú sókè, wọ́n wò ó, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo rò pé orí ló kó wa yọ.

Màámi wà ní pálọ̀, ó gbé fóònù sójú. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa, ó gbójú sókè. Ó wo Akínlolú láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, àlejò. Fọláwùnmí, ta lo mú wá ulé yìí?"

Kò fi "ẹ" pe Akínlolú rí láti ọjọ́ tó ti bí i. Mo dúró de Akínlolú kó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, mo rí i. Ó wo Màámi. Ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ Màámi. Ojú kan náà ń wò ó láti inú rẹ̀, ó dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bo àbúrò mi. N kò rí i kí ojú ti èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ará Ìgèdè ni mí, Mà. Mo ní kí n yà kí yín ni."

Ó kù sọ́wọ́ mi. Kí n ṣáà ti ní, Màámi, Akínlolú nìyí. Mo wo bí inú ìyá mi ṣe ń dùn. Mo dákẹ́.

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹ wá wo ọmọ mi o, ó wà ní Kẹlónà." Ó yí fóònù sí i.

"Ẹ kú òtútù, sà," ni Akínlolú wí.

"A dúpẹ́," ni ẹni tó wà nínú fóònù dáhùn. "Ẹ bá mi máa yà wò wọ́n."

Màámi ní kí n bu omi fún àlejò. Mo lọ sí ilé ìdáná. Ìgbà tí mo máa padà dé, ìjókòó ti ṣófo. Mo sáré jáde. Oòrùn nìkan ló wà lójú títì, n kò rí ẹnì kankan lápá òsì, n kò rí ẹnì kankan lápá ọ̀tún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, yàrá ẹ̀yìn ilé mi ṣófo, ó gbóná bí gbogbo yàrá yòókù, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Láti ojú títì yẹn, mo padà wọlé. Màámi ti gbé fóònù sílẹ̀.

"Ó ní òun ń lọ, kò dúró mumi. Ọmọ tó mọ èèyàn í kí." Ó na ọwọ́ gba omi náà mu. "Ta ni yèyé ẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.